Ìborùn Rẹ̀ Dà?

"Dá a dúró. Àní kí o dá a dúró níbẹ̀ yẹn!"

Mo tẹ bọ́tìnnì, àwòrán sì dúró sójú kan lórí kọ̀ǹpútà. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀. Ó la ẹnu sílẹ̀ fún orin, ó na ọwọ́ méjèèjì síta, ìlẹ̀kẹ̀ tò lé ara wọn lọ́rùn rẹ̀ títí dé àyà, ohun tó wé sórí sì ga bí gèlè ẹni tó ń lọ sóde ìyàwó. Màmá mi ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó sún mọ́ ọn. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ta aṣọ òkè lọ́jà Ọjẹ, n'Ìbàdàn níbí, kò sì sí bó ṣe máa wo èèyàn tí kò ní kọ́kọ́ wo aṣọ ọrùn rẹ̀. Ó wo obìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí.

"Ó wé gèlè," ló wí. "Ó wọ bùbá, bí wọ́n tilẹ̀ gé e kù sí àyà. Ó ró nǹkan mọ́dìí. Ó fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, ó fi sọ́wọ́. Ìborùn rẹ̀ dà?"

Mi ò mọ èsì tí mo lè fún un. Mo ní kó jẹ́ ká máa wò ó lọ.

Nínú òjò ọdún tó kọjá ni. Màmá mi yọ̀ ṣubú lẹ́yìnkùlé, egungun ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n fi POP dì í, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọjọ́ ọjà Ọjẹ kọjá lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Bí ilẹ̀ ọjọ́ ọjà bá ti mọ́, ṣe ni yóò kàn dákẹ́, tí yóò kọjú sí ògiri. Èmi tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá fíìmù tí yóò fi pa ìrònú rẹ́. Ó ti sú u láti máa wo èyí tí ìyá ọkọ ti ń bu májèlé sọ́bẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́," ló wí fún mi, "èyí tí wọ́n ti ń jó ni kí o wá fún mi. Ẹkún tó wà nílé yìí ti tó."

Bí mo ṣe dé orí Week-End in Havana nìyẹn, eré orin àti ẹ̀rín tí ilé-iṣẹ́ 20th Century Fox gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1941. Walter Lang ni olùdarí rẹ̀. Technicolor àtijọ́ ni, fíìmù aláwọ̀ mèremère, irú èyí tí pupa rẹ̀ máa ń pọ́n bí osùn, tí ewé inú rẹ̀ á sì máa tutù yọ̀yọ̀. Yìnyín ń bọ́ ní New York bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ funfun báláú, àwòrán ìrìnàjò lọ sí Cuba sì wà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kan. Àfi bí obìnrin inú àwòrán yẹn ṣe jí, tó bú sórin, tí àwọn onílù àti onígìtá rẹ̀ sì gbè é. Ibẹ̀ ni màmá mi ti ní kí n dá a dúró.

Ìtàn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀ rárá. Ọmọge kan wà, Nan Spencer, tí Alice Faye ṣe. Ó ń tajà ní ilé ìtajà ńlá Macy's ní New York, ó sì fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tó owó ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé e lọ sinmi ní Havana. Ọkọ̀ gbéra, kò dé ibi tó ń lọ tó fi gúnlẹ̀ sórí yanrìn lẹ́bàá Florida. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ bá rán ọ̀gá kan, Jay Williams, tí John Payne ṣe, pé kó lọ gba ìbuwọ́lùwé àwọn èrò, kí ẹnikẹ́ni má baà pè wọ́n lẹ́jọ́. Gbogbo èrò buwọ́ lùwé. Nan kọ̀. Ìsinmi lòun sanwó fún, ìsinmi lòun fẹ́, àsìkò yìí gan-an lòun sì fẹ́ ẹ.

Mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún màmá mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Bí mo ṣe dé ibi tí Nan ti kọ̀, ó pàtẹ́wọ́ lórí àga. "Má buwọ́ lù ú o, ọmọ mi! Owó òógùn ojú ni!"

Ni wọ́n bá gbé Nan lọ sí Havana lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kò bá gbádùn ara rẹ̀ níbẹ̀, Jay kò ní rí ìbuwọ́lùwé gbà, Jay yìí náà sì ti ní àfẹ́sọ́nà nílé, ọmọ ọ̀gá rẹ̀ pátápátá. Ní Havana, Nan kó sí ọwọ́ Monte Blanca, atatẹ́ kan tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn, tó rò pé ọmọ olówó ló dé. Cesar Romero ló ṣe Monte. New York ni wọ́n bí òun náà sí, ṣùgbọ́n ìdílé rẹ̀ ní gbòǹgbò ní Cuba. Monte ní ọ̀rẹ́bìnrin, Rosita Rivas, akọrin tí owú rẹ̀ ń jó bí iná ọyẹ́, ẹni tó jí láti inú àwòrán níbẹ̀rẹ̀. Carmen Miranda ni. Ọ̀rọ̀ wá di rúdurùdu: Jay ń sanwó fún Monte kó lè máa fẹ́ Nan, Rosita ń lé Monte, ìfẹ́ Nan ń wọ Jay lára, àfẹ́sọ́nà tún ti New York dé. Nígbà tí yóò fi parí, gbogbo wọn ti wà lójú agbo, wọ́n ń jó.

Màmá mi bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Ó kìlọ̀ fún Nan ("Má bá a lọ, oníjìbìtì ni!"), ó gbèjà Rosita, ó bú àfẹ́sọ́nà. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di ìhà mú. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú, mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn.

Àwọn kan á sọ pé irú eré bẹ́ẹ̀ kò ní láárí, pé ìpápánu lásán ni. Mi ò gbà. Ẹ wo Alice Faye bó ṣe ń kọrin: kò ju ara kiri, kò pariwo, ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí àga kan náà. Harry Warren ló ṣe orin, Mack Gordon kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Hermes Pan tò ijó. Àwọn èèyàn yìí ṣiṣẹ́ àṣekára kí nǹkan lè fúyẹ́ lójú ẹni tó ń wò ó. Ogun ti gba Yúróòpù nígbà náà, ọjà fíìmù ibẹ̀ ti ń ti, ìjọba Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, sì ń wá ìrẹ́pọ̀ pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè ìsàlẹ̀ Amẹ́ríkà. Hollywood bá kọjú sí Cuba, Bùràsíìlì àti Ajẹntínà. Kò tó oṣù méjì tí eré yìí jáde tí bọ́ǹbù fi rọ̀ lé erékùṣù mìíràn lórí, ní Hawaii, tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wo Nan àti Jay fi wọ ogun. Mo máa ń ronú nípa wọn. Àwọn náà rẹ́rìn-ín bí màmá mi ṣe rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ìborùn rẹ̀ dà?

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣàkíyèsí ni pé Rosita, ọmọ Havana, èdè Potogí ló fi ń kọrin nígbà tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Èdè Spéènì sì ni wọ́n ń sọ ní Cuba. Carmen Miranda kì í ṣe ará Cuba. Potogí ni wọ́n bí i sí ní 1909, wọ́n gbé e dé Rio ní Bùràsíìlì ní ọmọ ọwọ́, ó sì ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe fìlà obìnrin kó tó di gbajúmọ̀. Ní 1939, nínú fíìmù kan tí wọ́n ṣe ní Rio, ó múra bí obìnrin Bahia, ó sì kọ orin tí Dorival Caymmi, akọrin ọmọ Bahia, ṣe, orin tó ń béèrè pé kí ni obìnrin Bahia ní. Ìmúra yẹn ló gbé e dé New York lọ́dún yẹn kan náà, òun náà ló gbé e wọ Hollywood. Nígbà tó padà sí Rio ní 1940, àwọn kan kò kí i dáadáa, wọ́n ní ó ti di ará Amẹ́ríkà. Ó fi orin dá wọn lóhùn.

Ta wá ni obìnrin Bahia? Ìpínlẹ̀ kan ní Bùràsíìlì ni Bahia, Salvador sì ni olú ìlú rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń jókòó ní ìgboro Salvador, tí wọ́n ń din àkàrà nínú epo pupa, tí wọ́n ń pè é ní acarajé: àkàrà àti jẹ, wọ́n so ó pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan. Àwọn náà ni wọ́n kún ilé òrìṣà Candomblé, ẹ̀sìn àwọn òrìṣà wa lọ́hùn-ún. Wọ́n á wé orí, wọ́n á wọ bùbá oníléèsì, wọ́n á wọ yẹ̀rì tó fẹ̀ tó gbalẹ̀, wọ́n á kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Aṣọ tí wọ́n fi ń wé orí nílé òrìṣà, ojá ni wọ́n ń pè é. Ọ̀já ni. Ọ̀já tí màmá mi fi pọ̀n mí, tí mo fi pọ̀n ọmọ mi.

Caymmi ka ohun tí obìnrin Bahia ní nínú orin rẹ̀, ó kà á bí oníṣòwò ṣe ń ka ọjà: gèlè sílíkì, yẹtí wúrà, ẹ̀wọ̀n wúrà, bùbá oníléèsì, yẹ̀rì tí wọ́n fi ògì sí, sálúbàtà ọlọ́ṣọ̀ọ́. Láàárín wọn ló ti dárúkọ pano da Costa, ìyẹn aṣọ Etíkun. Etíkun wo? Tiwa ni. Lọ́gọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Salvador máa ń kó aṣọ tí wọ́n hun lórí òfì, ó ń kó obì, ó ń kó ọṣẹ dúdú. Títí di òní, ọṣẹ Etíkun ni orúkọ ọṣẹ dúdú ní Bahia, ata Etíkun sì ni orúkọ ataare. Aṣọ Etíkun náà ni wọ́n ń fi lé èjìká, tí wọ́n ń wé mọ́ àyà, tí wọ́n ń ṣẹ́ sí apá.

Ìborùn nìyẹn. Orin kà á, ìyẹn ni pé ẹni tó kọ orin náà mọ̀ pé obìnrin Bahia kò pé láìsí i. Hollywood ló mú gèlè, ó mú ìlẹ̀kẹ̀, ó gé bùbá, ó sì fi aṣọ òfì sílẹ̀.

Mo sọ fún màmá mi. Kò yà á lẹ́nu. "Gèlè lo rí yìí," ló wí, "ojú ayé ni. Gèlè ò dùn bí ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé ò dà bíi kó yẹni, ó sì yẹ obìnrin yẹn, èmi ò ní purọ́. Àmọ́ ìborùn kì í ṣe nǹkan tí wọ́n fi ń jó. Ó wúwo. Bó bá wà léjìká ẹ, wàá rọra máa rìn ni. Ẹni tó bá rí ẹ á mọ̀ pé abilékọ ló ń bọ̀, pé o ní ilé." Ó fi ọwọ́ pa èjìká ara rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni pé nǹkan wà níbẹ̀. Èmi tún fi kún un lọ́kàn mi pé èjìká yẹn gan-an ni àwọn tó ran aṣọ fún Carmen fẹ́ kí ayé rí.

Àwọn kan ti bínú sí Hollywood nítorí pé ó da Bùràsíìlì pọ̀ mọ́ Cuba bíi pé ìlú kan ni wọ́n. Wọ́n rò ó ire. Síbẹ̀, bí ọmọ Yorùbá bá wo àṣìṣe yìí, yóò rí ohun tí àwọn tó ṣe é kò rò. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú dé Bahia, tí wọ́n ń pè wọ́n ní Nàgó, wà lára àwọn tó dá ìmúra yẹn sílẹ̀. Àwọn èèyàn wa kan náà, ará Ọ̀yọ́, ará Ẹ̀gbá, ará Ìjẹ̀ṣà, ni wọ́n kó dé Havana, tí wọ́n ń pè wọ́n ní Lukumí. Obìnrin tó wọ aṣọ Bahia tó dúró ní Havana, ilé ìbátan ló dúró sí.

Kò sì sí ìbátan yẹn lójú fíìmù. Nínú àwọn òṣèré tí orúkọ wọn gba iwájú, kò sí aláwọ̀ dúdú kankan. Lọ́dún tí wọ́n ṣe é, kò ju ọdún 55 lọ tí oko ẹrú parí ní Cuba, ní 1886. Àwọn arúgbó tí wọ́n bí sínú ẹrú ṣì ń rìn ní ìgboro Havana. Ọkọ̀ tó bá wọ èbúté ìlú náà, Regla ló máa wà lódìkejì omi, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún Iyemọja lọ́jọ́ keje oṣù kẹsàn-án lọ́dọọdún lábẹ́ orúkọ Màríà Wúńdíá. Bàtá ń dún níbẹ̀. Ìlù mẹ́ta ni, ìyá ni wọ́n ń pe èyí tó tóbi jù, bí àwa náà ṣe ń pè é ní ìyáàlù. Añá ni wọ́n ń pe òrìṣà inú rẹ̀, ìyẹn Àyàn, tí àwọn onílù wa ń jẹ́ ní orúkọ: Àyánwálé, Àyándélé. Ní àwọn ọdún 1930, Fernando Ortiz, onímọ̀ ará Cuba, kó àwọn onílù bàtá wá síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní Havana kí wọ́n lù ú ní gbangba. Ìlù tí ọlọ́pàá ti lé rí ni. Ní àwọn ọdún yẹn náà ni orin Babalú, tí Margarita Lecuona kọ, ń jà kiri ilé fàájì. Ọbalúayé ni wọ́n ń pè o! Màmá mi gbọ́ ọ, ó yára fọwọ́ kan ilẹ̀, ó fi kan orí.

Àwọn mìíràn nínú wọn padà wálé. Ẹni tó bá mọ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ Campos Square. Hilario Campos tí wọ́n fi sọ orí rẹ̀, ará Cuba tó padà dé ni. Mo ti gba ibẹ̀ kọjá bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá láì béèrè.

Ohun tó wá mú mi dìde lórí ìjókòó lóru ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ Caymmi fúnra rẹ̀. Ilé òrìṣà kan wà ní Salvador tí wọ́n ń pè ní Opô Afonjá. Òpó Àfọ̀njá ni. Màmá Aninha ló dá a sílẹ̀ ní 1910. Wọ́n ní àwọn oyè méjìlá níbẹ̀, àwọn Ọba Ṣàngó, tí wọ́n fi ń dá àwọn olóyè Ọ̀yọ́ padà sí ìrántí. Caymmi wà nínú wọn. Oyè tí wọ́n fi í jẹ ni Onikoyi. Mo sáré lọ bá màmá mi nínú yàrá.

"Ẹni tó ka aṣọ yẹn nínú orin, Oníkòyí ni wọ́n fi jẹ, Màámi."

Ó ti sùn díẹ̀. Ó la ojú. "Oníkòyí?" Ó jókòó, ó fi ẹ̀yìn ti irọ̀rí, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Èṣó Ìkòyí! Ọmọ ẹ̀rù ọfà!" Ó wá bi mí bóyá àwọn kan ṣì wà níbẹ̀ tó ń hun aṣọ náà.

Wọ́n wà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Abdias do Sacramento Nobre fi ọ̀pọ̀ ọdún hun ún ní Salvador ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Lónìí, ilé ìhunṣọ kan wà nínú ọgbà Òpó Àfọ̀njá gan-an, Casa do Alaká ni wọ́n ń pè é, nítorí alaká ni orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe aṣọ Etíkun. Mo wá àwòrán rẹ̀ rí, mo gbé kọ̀ǹpútà síwájú màmá mi. Ó ní kí n mú un tóbi sí i. Mo mú un tóbi. Ó ní kí n tún mú un tóbi. Kò wo èèyàn inú rẹ̀, ojú rẹ̀ ti lọ sí ibi tí wọ́n ti rán aṣọ náà pọ̀. Ó fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá wọ̀n fífẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò pọ̀ di odindi, ó ń kà wọ́n lábẹ́nu, ó kà á dé igun.

"Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n fa àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀, ìborùn ẹtù ìyá tó bí i wà níbẹ̀, ó dúdú bí aró, ìlà funfun inú rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ ẹtù. Naftalínì ń rùn lára rẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì gígùn, ó gbé e lé èjìká òsì. Ẹsẹ̀ tí wọ́n fi POP dì wà lórí àpótí ìjókòó níwájú rẹ̀.

"Tan nǹkan yẹn," ló wí. "Kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Yìnyín bọ́ ní New York. Obìnrin inú àwòrán jí, ó na ọwọ́ méjèèjì síta. Màmá mi kò ní kí n dá a dúró lọ́tẹ̀ yìí. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, èyí tó yá, ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀ tẹ̀lé ìlù.